Ọ̀rọ̀ Tí Wòsílátù Gbé Mì

Bí ẹ bá gba Ìdímù kọjá, tí ẹ rí obìnrin kan tó wé ìborùn, tó jókòó sáàárín fáànù tí kò lórí àti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ti tú ìdí wọn, ẹ má rò pé ìyàwó ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni. Òun gan-an ni ọ̀gá. Wòsílátù lorúkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà tuntun ṣì máa ń bi í pé, "Ọ̀gá yín dà?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀ yẹn." Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Ó ti gbọ́ ọ jù.

Ọmọ onílẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jókòó ti ìwọ̀nba tó kù, wọ́n ń bára wọn jà lé e lórí. Òun ní tòun ò lè fi ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ jẹ. Ló bá gba Ẹgbẹ́dá lọ, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá, ẹni tí gbogbo àdúgbò máa ń gbé ẹ̀rọ inú ilé tó bá bàjẹ́ lọ bá. Àwọn ará ilé ní ṣé kò ya wèrè ṣá. Obìnrin wo ló ń fọwọ́ kan wáyà? Ó ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà yanjú.

Iṣẹ́ yìí ní ìwà kan tí àwọn tó ń ṣe é kì í sọ síta. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dójú kì í ṣí nǹkan níwájú ẹni tó ni ín. Á kẹ̀yìn sí i. Bí oníbàárà bá lóun fẹ́ dúró wò ó, wọn á wá nǹkan fi rán an: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́hùn-ún yẹn, bóyá wọ́n ní wáyà pupa." Kí màmá tó dé, wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti dé e, wọ́n á sì máa nu òógùn bí ẹni tó ti ojú ogun bọ̀. Lọ́jọ́ tí Wòsílátù gba fíríìdọ̀mù, Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un, ó sì kìlọ̀ fún un níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn atúnẹ̀rọṣe pé, "Má ṣí ikùn iṣẹ́ yìí han oníbàárà. Inú ẹ̀ la ti ń jẹun." Gbogbo wọn ṣe àmín. Òun náà ṣe àmín.

Ìyá arúgbó kan ló wá ba àmín yẹn jẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ibùdókọ̀ Pleasure ni ìyá náà ti ru fáànù wá, nínú oòrùn tó ń ta yẹn. Wòsílátù kẹ̀yìn sí i, ó tú púlọ́ọ̀gì, ó rí i pé fíúsì lásán ló jó, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ó súre fún un, ó súre fún ọkọ rẹ̀, ó súre fún Sheriff ọmọ rẹ̀ tí kò rí rí. Ojú ti Wòsílátù débi pé kò lè gbórí sókè. Fún kí ni? Fún fíúsì tí ọmọ ilé ìwé lè pààrọ̀. Ìyá ti gbé fáànù karí, ó ti ń lọ, kí Wòsílátù tó pè é padà, tó tú púlọ́ọ̀gì náà lójú rẹ̀, tó sì fi hàn án. "Ẹ má ru odindi fáànù wá síbí mọ́ nítorí èyí, Màmá," ló wí.

Bó ṣe di ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun Àílà, àwọn obìnrin àdúgbò á gbé àpótí ìjókòó wá sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù, Wòsílátù á kọjú sí wọn, á máa tú nǹkan palẹ̀. Bí ẹ ṣe ń fi epo sí fáànù rèé. Ohun tó máa ń mú bùlẹ́ńdà rùn bí ẹni pé ó ń jóná rèé. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń tẹ̀ mọ́ wọn létí ni pé kí wọ́n yọ wáyà lára iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. "Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ọkàn yín balẹ̀." Wọ́n á dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ iléekéwú.

Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà jù ni Tòún. Ọmọge ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Míìtì-páì ló ń tà láàárọ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ wọkọ̀, máíkíróweefù tòkunbọ̀ kan ló sì fi ń mú un gbóná fún wọn. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá rẹ̀, òun nìkan ló sì kù nílé. Wòsílátù fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò. Bí Tòún bá ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀ láìbéèrè, inú rẹ̀ á dùn títí á fi sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí ẹgbẹ́. Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá fúnra rẹ̀ ló wá. Wòsílátù kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní ìjókòó.

"Wòsílátù, ṣé iyanrìn lo fẹ́ ká máa jẹ ni?"

"Rárá, sà. Fíúsì lásán ni mo fi hàn wọ́n."

"Fíúsì lónìí. Lọ́la ńkọ́? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ká má parọ́ mọ́ bàbá náà, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ayé ti dé ibi tó jẹ́ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, wọn á jù ú sí ààtàn, wọn á ra òmíràn. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti di ẹni tó ń ṣọ́ géètì ní Ayọ̀bọ̀. Ọ̀gá wá ní, "Ó dáa. Kọ́ wọn ní ti fáànù, kọ́ wọn ní ti áyọ́ọ̀nù àti bùlẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ti máíkíróweefù, má mẹ́nu bà á rárá. Òun ló kù tó ń gbé oúnjẹ wọlé fún wa. Ẹni tó bá béèrè, kó gbé e wá."

"Ọ̀gá, ṣé kí n kàn sọ fún wọn ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ ṣí i?"

"Ìdí yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ á wá ọ̀nà tó máa gbà yẹra fún un, á sì ṣí i."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ àgbà. Wòsílátù wò ó títí, kò rí ibi tó ti lè mú un. Ọ̀gá ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tí gbogbo ọkùnrin yòókù tó ń ṣe iṣẹ́ náà lé e. Ó gbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Tòún béèrè. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé á béèrè. "Àǹtí Wòsí, máíkíróweefù ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?" Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹgbẹ́ wà ní òdìkejì títì, ó na ẹsẹ̀, ó ń gbọ́ wọn. Wòsílátù ní, "Gbé ìyẹn wá fún mi." Ìyẹn nìkan ló sọ. Tòún bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí ti fi oúnjẹ tiwọn pamọ́." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Wòsílátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò ní dárí ji ara rẹ̀ fún.

Nígbà tó yá, ó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Wòsílátù lọ tún fírísà ṣe fún lánlọ́ọ̀dù kan ní Ayọ̀bọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, fóònù rẹ̀ kò sì gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Máíkíróweefù Tòún dákẹ́ lójijì, míìtì-páì ti wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà ti ń kọjá. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó bá a ní títì pa. Ó padà sílé, ó yọ wáyà lára iná bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó pààrọ̀ fíúsì inú púlọ́ọ̀gì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó dúró de Wòsílátù. Ó ní, "Màmá, mo ti yọ iná. Àǹtí kàn fẹ́ jẹun lórí eléyìí ni. Wọ́n á fi tẹlòmíràn jẹun." Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ bí nǹkan ṣe wó lulẹ̀ láti ìyẹ̀wù. Wọn ò gbé e dé ọsibítù tó fi kú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sin ín. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ. Wòsílátù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wọ yàrá lọ, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Àwọn ẹgbẹ́ wá kí i. Ọ̀gá Ọdẹ́tọ́lá jókòó tì í, omi wà lójú òun náà, ó sì rọra sọ pé, "Ṣé o ti wá rí ohun tí à ń wí? Ìmọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi bọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́." Ẹgbẹ́ pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ aráàlú ní nǹkan kan mọ́. Ládùúgbò, àwọn kan ní kíkọ́ tí wọ́n kọ́ ọmọ náà ló pa á. Àwọn mìíràn ní rárá o, wọ́n ṣáà sọ fún un pé kó gbé e wá, orí kunkun ló pa á. Wọ́n sọ èyí láti fi tu Wòsílátù nínú ni. Kò tù ú nínú. Bí ó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi láyé. Ọ̀gá ò ní sọ, òun náà ò ní sọ. Ìyá Tòún á ṣì máa kí i láàárọ̀, wọ́n á ṣì jọ máa gbé.

Nígbà tí àwọn èrò tán nílé ọ̀fọ̀, ó lọ bá ìyá náà. Ó bá a lórí àga, ó fọwọ́ lẹ́rán. Kí Wòsílátù tó kúnlẹ̀ tán ni ìyá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má sunkún mọ́, Ìyá Sheriff. O ṣe tìẹ. Ó fẹ́ràn rẹ ju àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ. Gbogbo ayé gbọ́ pé o ní kó gbé e wá."

Ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún un nìyẹn. Ì bá ṣe àmín, kó máa lọ.

"Màmá, nǹkan kan wà tí mo mọ̀ tí mi ò sọ fún un."

Ìyá Tòún wò ó. "Bíi kí ni?"

"Mo ní kó gbé e wá. Mi ò sọ fún un pé ó lè pa á. Wọ́n ní kí n má sọ, mo sì gbà. Ó rò pé oúnjẹ ni mò ń ṣọ́. Kò sì jẹ̀bi, mà, nítorí bí a ṣe máa ń ṣe fún wọn nìyẹn."

Ìyá náà ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Wòsílátù. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀.

"Sọ ọ́ fún mi."

"Mà?"

"Ohun tí o kò sọ fún un. Sọ ọ́ kí èmi gbọ́."

Wòsílátù fi etí ìborùn nu ojú. "Agolo kékeré kan wà nínú ẹ̀, mà, tó máa ń tọ́jú iná. Bí èèyàn bá tilẹ̀ ti yọ wáyà, iná ṣì wà nínú agolo yẹn, ó sì lè pa èèyàn."

Ìyá Tòún ń retí. Ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń dúró de èyí tó kù.

"Àti kí ni?"

"Kò sí òmíràn, mà. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn."

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn." Ìyá náà mi orí. "Tòún ì bá ti gbọ́ ọ kó tó parí ẹ̀rín tó ń rín."

Ó dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró tì í títí Wòsílátù fi wọ bàtà rẹ̀ tán.