Bàbá Fihànmí àti Orí Ẹja Tó Sọnù

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Bàbá Fihànmí, orí ọjọ́ tó fẹ̀sùn kan ẹyẹ idì pé ó ní ilé méjì ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Idì náà kì í ṣe ará ibí. Orí igi gíga kan létí adágún omi, ní ilẹ̀ òkèèrè tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń wò ó ò dé rí, ni òun àti abo rẹ̀ kọ́ ìtẹ́ sí. Àwọn kan so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀ka igi, ẹni tó bá ti ní fóònù sì lè máa wò wọ́n nígbà tó bá wù ú. Bí ogójì èèyàn ló kóra jọ lórí fóònù nítorí ìtẹ́ yìí, tí wọ́n ń wò ó, tí wọ́n sì ń fi ìròyìn ẹranko ránṣẹ́ síra wọn. Tìṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, akọ idì gbé ẹja dé, kálukú sì ń kí i kú iṣẹ́, kú ìnáwó ọmọ. Ni Bàbá Fihànmí bá kọ ọ̀rọ̀ sáàárín wọn pé, "Ẹ dúró ná. Orí ẹja yẹn dà?"

Kò sẹ́ni tó wo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un wò. Lóòótọ́, ẹja náà ò lórí.

"Ìkẹtàdínlógún rèé lóṣù yìí," ni bàbá kọ. "Ó wà nínú ìwé mi. Mẹ́tàdínlógún wọlé, kò sí ọ̀kan tó lórí nínú wọn. Ọkùnrin yìí ń bọ́ ẹlòmíràn níbì kan."

Tìṣà fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Ó ní akọ idì ló máa ń jẹ orí ẹja fúnra rẹ̀ kó tó gbé ìyókù lọ fún abo àti ọmọ, àti pé inú ìwé ni òun ti kà á. Bàbá bi í pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó kọ ìwé? Ṣé kì í ṣe idì yẹn náà ni?"

Ẹ má dá a lẹ́bi, iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ gẹ́ètì ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Nírọ̀lẹ́, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń lọ, á na ọwọ́ sí àpò kálukú, á ní, "Fi hàn mí." Ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Bí kò bá rí ọṣẹ níbẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá sọ pé, "Kò sí ẹ̀sùn. Máa lọ sílé." Ọ̀gá pátápátá gan-an ń ṣí àpò. Bí ó bá sì kan òun alára láti lọ, á gbé àpò ara rẹ̀ kalẹ̀, á tú u, á yẹ̀ ẹ́ wò, á buwọ́ lù ú. Ẹnì kan bi í pé èwo nìyẹn. Ó ní, "Mo mọ ọkùnrin yẹn dáadáa ni."

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọmọbìnrin rẹ̀ ra fóònù fún un, torí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpò àwọn àlejò. Bó ṣe rí ìtẹ́ idì, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹnì kan ń jáde, ẹnì kan ń wọlé, wọ́n sì ń gbé ẹrù. Ó ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, ó fa ìlà sí i: aago tó jáde, aago tó wọlé, ohun tó gbé, àbájáde.

Ìròyìn ẹranko gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan fi ìròyìn erin ránṣẹ́, erin tó rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè lọ kí ẹni tó yọ ọ́ nínú kòtò. Gbogbo ẹgbẹ́ ń sunkún. Bàbá bèèrè pé, "Ta ló ń bá a rìn tó fi ka ọjọ́ rẹ̀?" Òmíràn sọ ti ayékòótọ́ tó fi fóònù pe panápaná nígbà tí ilé ń jó. Bàbá ní kí ẹyẹ náà pe òun wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n tún bẹ̀ ẹ́ wọlé, torí láìsí òun, kò sẹ́ni tó mọ aago tí idì jáde.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kì í dá sí i. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, obìnrin yìí jókòó, ó ń ká aṣọ, bàbá sì ń ka ẹ̀sùn idì sókè fún un látorí àga rẹ̀. Ó ká ẹ̀wù kan tán, ó gbé e kalẹ̀.

"Bàbá wọn," ó ní, "ẹja díndín tí ẹ máa ń gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, orí tiẹ̀ dà?"

Bàbá gbójú sókè. "Orí wo?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ ó gbé e kalẹ̀ nínú bébà, kò ní lórí. Mi ò bi yín rí. Mo ń fi í sínú ni."

"Mo jẹ ẹ́ ni, Nọ́ọ̀sì. Ebi ń pa mí."

"Níbo?"

"Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́."

"Ta ló rí yín?"

Bàbá Fihànmí pa ìwé rẹ̀ dé. Ó rò pé ìyàwó òun á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ní lọ́dún tí òun bí ọmọ kejì, ojú fèrèsé ni òun máa ń dúró sí ní ọjọ́ Ẹtì, tí òun á máa rò ó pé obìnrin kan wà níbì kan tó ń jẹ orí ẹja. Ó tún mú ẹ̀wù mìíràn, ó ń ká a lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé egungun, torí pé òótọ́ ni òun sọ, òun ò sì ní ẹlẹ́rìí.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí obìnrin yìí sọ pé kò sí ẹ̀sùn. Ó wá ẹlẹ́ja tó ń tà á fún un lẹ́bàá gẹ́ètì lọ, wọ́n ní ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ó wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ó kéde rẹ̀ lẹ́gbẹ́, wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ló bá kọjú sí idì: bí idì bá bọ́ nínú ẹ̀sùn, òun náà lè bọ́. Lẹ́tà mọ́kànlá ló ní kí ọmọ rẹ̀ kọ sí àwọn tó ni kámẹ́rà, pé kí wọ́n so òmíràn mọ́ igi gbígbẹ tí akọ idì máa ń bà lé. Nígbà tó yá, wọ́n so ó. Ó dá mi lójú pé wọn ò ka lẹ́tà kankan, àmọ́ ẹ ò lè sọ ìyẹn níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, idì bà sórí igi gbígbẹ náà tòun tẹja. Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó jẹ orí rẹ̀ tán, ó nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, ó gbé ìyókù lọ sílé. Bàbá ṣí ìwé, ó kọ ọ́ síwájú orúkọ idì pé kò sí ẹ̀sùn. Ló bá pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wọ awò ojú, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ẹyẹ yìí ti bọ́," ó ní. "Ẹ̀rí tiẹ̀ nìyẹn. Tiyín dà?"

Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ idì kọ́kọ́ fò ni Bàbá Fihànmí kú, lórí àga rẹ̀, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìwé lórí itan. Ẹgbẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń wò mọ́. Ẹnì kan fi ìròyìn ajá tó ń ka ìwé ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀rí, àárò rẹ̀ sì sọ wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, Tìṣà wá kí ìyàwó olóògbé, ó sì mú bàbá kan tó ń tiro dání. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí Tìṣà ti ń wá a kiri láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá náà jókòó, ó kí wọn kú àjálù, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọkọ yín dà mí láàmú. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yìn mi gan-an ló ń jókòó, á tú bébà, á jẹ orí ẹja, egungun á wà nílẹ̀ mọ́tò mi. Mo ní kó kúkú jẹ ẹja náà tán. Ó ní rárá, tòun ò ju orí lọ, Nọ́ọ̀sì ló ni ara ẹja."

"Ẹ fojú ara yín rí i?"

"Èmi ni mò ń gbá a."

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àbí òsì?"

"Òsì, lójú fèrèsé."

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì dá nígbà tí ẹ̀rín tán.

Nígbà tí wọ́n lọ, ó ṣí ìwé ńlá náà. Nísàlẹ̀ orúkọ idì, ọkọ rẹ̀ ti fa ìlà kan sí i, ó kọ ọ́ pé: "Èmi. Ẹja díndín, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò lórí." Ó fi ojú àbájáde sílẹ̀ lófìfo. Ìyàwó mú bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ tó fi ń kọ oògùn fáwọn aláìsàn:

"Kò sí ẹ̀sùn. Ẹ máa lọ sílé."