Àwòrán Méjì Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Èmi ni mo ya àwọn àwòrán náà. Mo fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ ṣáájú ohun mìíràn, nítorí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi nínú ilé wa, àìsàn ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ mi.

Ó ta pòtétò ní ọjà Farin Gada ní Jos fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Bàbá mi ni iṣẹ́ rélùwéè gbé wá sí Jos láti Iléṣà, àbúrò rẹ̀ obìnrin yìí sì tẹ̀lé e wá. Kò bímọ, kò sì kàwé rárá. Lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ohùn sì lọ pátápátá. Ó ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, tàbí kí n sọ pé ó jọ pé ó ń gbọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà náà nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á, mo sì rò pé òun ni ọgbọ́n.

Ní ọsibítù tí a gbé e lọ, nọ́ọ̀sì kan ní páálí kan tó ya àwòrán sí: ife omi, ibùsùn, abọ́ oúnjẹ, ojú tó ń sunkún. Oríṣiríṣi èdè ni àwọn aláìsàn rẹ̀ ń sọ, àwọn mìíràn kò sì lè sọ̀rọ̀ rárá. Kálukú á tọ́ka sí ohun tó fẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó dáadáa. Nígbà tí a délé, mo gé páálí mílíìkì sí wẹ́wẹ́, mo sì fi báírò ya tèmi, wọ́n tó ogún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi mọ̀ wọ́n lò. Mo máa ń tò wọ́n sórí tírè níwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì tó kù fún un gbá èyí tí kò fẹ́ dànù, á sì fi ìka lé èyí tó fẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i, obìnrin ẹ̀yà Bírọ́m kan láti ìlú Du tí wọ́n jọ ń jókòó tajà. Hausa ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. Ó mú páálí tí mo ya pòtétò sí, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Kai! Dankali ne wannan, ko dutse?" Ó ń bi mí bóyá pòtétò ni àbí òkúta.

Mo ní pòtétò ni.

"Ẹni tó bá ra irú èyí lọ́wọ́ mi, eyín rẹ̀ á kán," ló wí ní Hausa. "Fi ojú sí i lára jàre. Pòtétò tí kò lójú, ta ló fẹ́ gbìn ín?"

Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo èjìká rẹ̀ ló ń mì. Mo fi ojú sí pòtétò náà.

Bàbá mi fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ padà sí Iléṣà. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Màmá mi ń lọ síbi iṣẹ́, èmi náà ń wá iṣẹ́, ọyẹ́ Jos kò sì dára fún irú ara bẹ́ẹ̀. Ní Iléṣà, ìyàwó mọ̀lẹ́bí wa kan ti gbà láti tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, bàbá mi ní òun kò ní mú un lọ bí kò bá fẹ́.

"Ìwọ, ya méjèèjì fún un," ó wí fún mi. "Èyí tó bá yàn la ó ṣe."

Mo wo fọ́tò ilé bàbá wọn tó wà lára ògiri, mo sì yà á: ilé alájà kan, fèrèsé mẹ́rin, igi ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí páálí kejì mo ya Farin Gada, àwọn àpò pòtétò àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn wọn. Mo lè bi í láàárọ̀ nígbà tó ku àwa méjì, bí mo ṣe máa ń bi í nípa omi. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú mi, ẹ̀rí tí ẹnì kan ṣoṣo rí kò tíì tó. Mo fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀ kó má baà di pé mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Nítorí náà a dúró di ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àgbà ìjọ méjì wá kí i.

Mo fẹ́ to àwọn páálí náà sórí tírè. Bàbá mi gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

"Kó wọn wá, èmi ni kí n bi í."

Ó jókòó kọjú sí i, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé àyà ara rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Àbúrò mi, ilé bàbá wa nìyí. Farin Gada nìyí. Èwo lo fẹ́? Má bẹ̀rù, fi hàn mí."

Ó wo páálí méjèèjì. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo àwọn àgbà ìjọ, ó sì tẹrí ba. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lábẹ́ ìró. Mo rí aṣọ náà tó ń dìde, tó sì ń wálẹ̀.

"Fi hàn mí," bàbá mi tún wí.

Aṣọ tún mira. Ọwọ́ kò jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wúkọ́. "Ọmọ wa tó kàwé, kí lo rí sí i?"

"Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó yé e, sà."

"Kí ni kò yé e?" Màmá mi ló dáhùn. "Ẹni tó ń tọ́ka sí omi, tó ń tọ́ka sí ilé ìgbẹ́, tó ń yínmú sí mi tí iyọ̀ bá pọ̀ jù lọ́bẹ̀?"

"Mà, ó lè jẹ́ pé ó kàn ti mọ́ ọn lára ni. Ibì kan náà ni mo máa ń tò wọ́n sí lójoojúmọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé..."

"Ẹ̀rí! Ẹ gbà mí o, ìwé ti ra ọmọ yìí níyè."

Àwọn àgbà ìjọ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé páálí méjèèjì lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bí kò bá yé e," ó wí, "àwa náà la ó bá a rò ó."

Èmi ni wọ́n ní kí n sìn ín lọ sí Iléṣà, kí a wọ ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, kí a sì ti ibẹ̀ wọ mọ́tò. Bàbá mi gbé ẹrù wa wọlé, ó gbàdúrà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró lórí pèpéle títí ọkọ̀ fi ṣí. Bí a kò ṣe rí i mọ́ báyìí, àbúrò rẹ̀ yọ ọwọ́ òsì lábẹ́ ìró. Ó ṣí báàgì mi, ó kó àwọn páálí jáde sórí itan rẹ̀, ó ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí Farin Gada, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ìka mi dé lé e lórí, ó sì nàka sí ẹ̀yìn, sí ibi tí a ti ń bọ̀.

Ibẹ̀ ló yé mi. Ọwọ́ òsì nìkan ló ní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì gbé àwòrán náà lé àyà, tòun ti ilé bàbá wọn, lójú àwọn àgbà. Ẹni tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ kò jẹ́ nàka òsì síbẹ̀, ohun yòówù kí ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ti kọ́ èmi náà: ní kékeré, tí mo bá na ọwọ́ òsì sí i, ńṣe ló máa ń gbá a. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ẹ̀rí ni mo ń wá lọ́jọ́ yẹn, n kò ronú nípa ọwọ́.

Ọkọ̀ dúró ní Bùkúrù. Ó dúró pẹ́ tó kí ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó sì wọ mọ́tò padà sí Jos. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi: pé mo ṣì í, níwájú àwọn àgbà ìjọ, lórí ohun tí màmá mi tí kò dé yunifásítì ti rí kedere. Mo ṣì ń to ọ̀rọ̀ náà nígbà tí fèrè dún. Mo mú páálí ife omi, mo gbé e sókè sí i.

"Ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ni, Màmá?"

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí fèrèsé, kò sì fọwọ́ kan páálí kankan mọ́ títí a fi dé Òṣogbo. Ní Iléṣà náà, wọ́n ní kò lò wọ́n. Ó lo ọdún méjì sí i níbẹ̀ kó tó kú. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí wa máa ń sọ pé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Bàbá mi kò tíì gbọ́ èyí lẹ́nu mi títí di òní. Ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí ní ìbéèrè tó yẹ. Lọ́sẹ̀ tí mo padà dé láti Iléṣà, mo lọ sí Farin Gada. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, ó sì tẹ́ àpò òfìfo sí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á. Ó kí mi, ó béèrè ìrìn àjò. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Ta yarda?" Ṣé ó gbà láti lọ?

Àyè ṣí sílẹ̀ fún mi láti sọ òtítọ́. Kò sí àgbà ìjọ níbẹ̀, obìnrin náà kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yunifásítì.

"Ta yarda," mo dá a lóhùn.

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló gbà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ká àpò náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó sì ké sí ọmọbìnrin kan tó ń ta tòmátì lórí ìdúró lẹ́bàá ọ̀nà pé kó máa bọ̀ wá jókòó sí àyè náà.