Ẹja Tí Sìkírátù Yan ní Ìkọ̀kọ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ààlọ́ mi gbéra, kò yà sílé Ìjàpá, kò yà sílé Ẹkùn. Àdúgbò New Bell níbí ló wọ̀."

"Ilé ta ni, Mamie?"

Ilé Sìkírátù aránṣọ ni. Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi.

Ọjà Marché Congo ni Sìkírátù ti ń ránṣọ. Opó ni. Inú àgbàlá ló ń gbé, ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ ti Brigitte, ìyá Franck. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni Brigitte, kì í ṣe Mùsùlùmí, àmọ́ ọmọ ìyá kan náà ò lè ju báwọn méjèèjì ṣe rí lọ. Nígbà tí ọkọ Sìkírátù kú, tó jókòó tákàbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ta ló ń lọ Youpwè ra ẹja fún un? Brigitte ni. Á yan án lórí èédú, á fi ewé bò ó, á gbé e wọlé. "Màmá Muzzammil, jẹun. Ẹni tó kú ò ní kó o bá òun lọ."

Ìgbà wá yí padà. Ọkọ Brigitte dùbúlẹ̀ àìsàn, ọjà tó ń tà sì wọlẹ̀. Ẹja di ohun tí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ sì mọ bí àgbàlá ṣe rí: o ò lè yan ẹja lójú ọmọ ọlọ́mọ kó o má gé fún un. Sìkírátù gé títí, ó sú u.

Àsìkò yẹn ni Muzzammil ọmọ rẹ̀ ra ààrò gáàsì fún un. Lábẹ́ ibi tí ìkòkò ń jókòó, ihò tóóró kan wà níbẹ̀ bíi dúróà. Wàá fà á síta, wàá tẹ́ ẹja sórí irin inú rẹ̀ tí àwo kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wàá tì í padà, iná á sì máa jó o látòkè. Muzzammil ní, "Màámi, ẹ má gbàgbé o, ẹ máa bu omi sínú àwo ìsàlẹ̀ yẹn, kí ọ̀rá ẹja má baà gbiná."

Ọgbọ́n burúkú bá wọ orí Sìkírátù. Ó rántí wáàsí Àlùfáà, pé bí aládùúgbò ẹni bá gbóòórùn ọbẹ̀ ẹni, kí á bù fún un. Ó ní, "Bí kò bá wá gbóòórùn ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni ò sí lọ́rùn mi nìyẹn."

Ó ra ẹja ńlá kan. Ó fi atalẹ̀, aáyù àti ata pa á lára. Ó ti fèrèsé. Ó kó àjákù aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Omi ẹ̀rọ ò yọ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ìwọ̀nba tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, àlùwàlá ló fẹ́ fi ṣe. Ó bá fi àwo ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Ọ̀rá ń kán, tó, tó, tó. Àwo gbóná janjan. Kó tó mọ̀, èéfín dúdú ti kún yàrá. Ó pa gáàsì, ó ń wúkọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ ṣí fèrèsé. Èéfín ò mọ àṣírí í bò. Ó gba abẹ́ páànù jáde.

"Iná o! Màmá Muzzammil! Ṣílẹ̀kùn!"

Brigitte fi èjìká ta ilẹ̀kùn wọlé. Garawa omi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, omi tó rìn jìnnà lọ pọn, tó fẹ́ fi wẹ ọkọ rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó kù díẹ̀ kó dà á, ló bá rí ẹja. Ó wo fèrèsé. Ó wo àjákù aṣọ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

"Àṣíà," ó ní, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe níbí. "Mo rò pé ò ń jóná ni."

Ó bu omi díẹ̀ sínú àwo tó gbóná náà, ó dún ṣàà. Ó gbé ìyókù, ó ń lọ.

"Ìyá Franck, dúró, jẹ́ kí n gé—"

"Jẹ tìẹ. Àwa ti jẹun."

Irọ́ ni. Wọn ò tíì dáná.

Ẹja yẹn korò lẹ́nu Sìkírátù bí eérú. Lọ́jọ́ kejì ó yan òmíràn, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ń retí pé wọ́n á yà. Ni Brigitte bá pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Èébú ì bá sàn.

Ìgbà tí Sìkírátù ò lè fara dà á mọ́, ó gbé ẹja tútù lọ bá Brigitte nídìí èédú.

"Wọ́n ní o ní ààrò gáàsì," Brigitte wí, kò gbójú sókè.

"Ó wà nílé."

"Àbí gáàsì ló tán?"

"Kò tán. Àjákù tí mo fi dí ilẹ̀kùn, torí tìẹ ni mo ṣe dí i."

"Mo mọ̀. Mo rí i."

Brigitte kóná jọ, ó gba ẹja, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá ló ní, "O ò tiẹ̀ ra bòbólò dání. Kí la fẹ́ fi jẹ ẹ́?"

Sìkírátù sáré lọ ra bòbólò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n wé sínú ewé, wá, omi ń dà lójú rẹ̀ lójú títì.

"Mamie, ṣé ó dárí jì í?"

Ó bá a jẹ ẹja, Sakinah. Ìyẹn ni mo rí. Àmọ́ títí di òní, tí Sìkírátù bá bu òkèlè àkọ́kọ́, kì í tètè gbé e mì.

Ó tó. Ùsámà ti sùn lọ lẹ́sẹ̀ mi, ẹ bá mi gbé e. Ẹ lọ sùn, ẹ má jà sí ẹní.