Ẹni Tí Wọn Ò Ránṣẹ́ Pè ní Ìṣẹ̀rí

Ìdájí ni mo kúrò nílé n'Íbàdàn, torí ẹni tó ń lọ sí Èkó tó dúró mu tíì, ojú ọ̀nà ni yóò ti jẹun ọ̀sán. Bùsọ́lá, ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì, ló rán mi. Ó ń ṣèwádìí bóyá àwọn tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ràn láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà kí n tó fẹ̀yìn tì. Rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nílé, ìyẹn ni mo ṣe tètè gbà.

Mo bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure l'Ékòó. Ìgbádùn lòyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀. N kò rí i níbẹ̀ ṣá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wọkọ̀ á kí èrò; níhìn-ín, mo kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ra bọ́ọ̀lì kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mo bọ́ láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sí òmíràn, kòtò lọ́tùn-ún, kòtò lósì, títí mo fi dé Ìṣẹ̀rí-Olófin.

Bàbá tí Bùsọ́lá ní kí n lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò jẹ́ tíṣà ìṣirò tẹ́lẹ̀, ọmọ Èkìtì. Ilé ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé, gbogbo ará ilé sì ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n wọ bàtà onílẹ́ẹ̀sì jókòó sí pálọ̀. Mo bi wọ́n pé, láti orí oókan, tó kéré jù, dé aárùn-ún, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn tó?

“Oókan,” ni wọ́n wí. “Nọ́ọ̀sì, àgbà kì í gbé ara rẹ̀ kiri bí ẹni ń kiri àkàrà. Ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, ẹ ń gbọ́ ariwo wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ mi, wọ́n mọ ilé.”

Mo bi wọ́n bóyá ilé ẹ̀kọ́ náà mọ̀ pé tíṣà ni wọ́n. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n ní kí n má tíì lọ. Nígbà tí mo dìde, wọ́n sìn mí dé géètì, wọ́n bi mí bóyá àwọn tó rán mi á ránṣẹ́ sáwọn. Mo ní n kò mọ̀, sà. Mo mọ̀ dáadáa: a kàn wá bi wọ́n léèrè ni, a ò mú iṣẹ́ kankan dání. Àánú wọn ṣe mí títí mo fi dé Ìbàdàn, àánú ara mi náà sì ṣe mí.

Bùsọ́lá ti ń dúró dè mí nílé. Nígbà tí mo sọ oókan tí Bàbá mú fún un, ó ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, Bàbá ò fẹ́. Mo sọ ti bàtà onílẹ́ẹ̀sì tí Bàbá wọ̀ jókòó nínú ilé fún un. Ó ní kò sí bàtà nínú ìbéèrè òun. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: à ń bi àgbà bóyá yóò wá, a ò sì tíì pè é.

Nígbà tó lọ, mo ní kí n pe Bàbá lórí fóònù, kí n sọ fún wọn pé mo ti délé. Fóònù wọn ò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n fi gbé e.

“Nọ́ọ̀sì,” ni wọ́n wí, “ṣé wọ́n ní kí n máa bọ̀?”