Máńgòrò Nínú Òróró Gbígbóná

Mo rántí ìgbà tí òórùn máńgòrò gba gbogbo ilé wa kan ní Olódì-Àpápá, nínú oṣù Ààwẹ̀, nígbà tí ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Bàbá ọkọ mi ti kú, Màmá ti jáde opó, ọkọ mi sì lọ mú wọn wá láti Ìsẹ́yìn kí wọ́n má baà dá wà. Ara wọn dé Èkó, ọkàn wọn ò bá wọn dé. Wọn kì í jẹun. Bí a bá fẹ́ ṣínu, wọ́n á mu omi, wọ́n á jẹ dàbínù kan, wọ́n á ní àwọn ti yó. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní, "Má da ara ẹ láàmú, ìyàwó. Bàbá yín ń retí mi." Ẹ̀rù a máa bà mí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rù sí i, mo sì ń rò ó pé ọwọ́ mi ni Màmá máa kú sí.

Èmi ọlọ́gbọ́n, inú fóònù ni mo wá oògùn rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni mo ti rí obìnrin kan tó ń ṣe ohun tó pè ní sálísà: èso tútù, ata tútù, kò fi iná kàn án rárá, ẹja díndín ló fi jẹ ẹ́. Mo ní èyí ló máa ṣí Màmá lọ́nà ọ̀fun. Mo ra máńgòrò àti ọ̀pẹ òyìnbó ní ọjà Boundary, mo gé wọn wẹ́wẹ́, mo gé àlùbọ́sà, tòmátì àti ata rodo sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ààwẹ̀ kò jẹ́ kí n tọ́ ọ wò, torí náà mo gbé abọ́ náà lọ bá aládùúgbò wa, obìnrin ará Warri kan tó jẹ́ Kristẹni. Òun ló máa ń bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò nínú oṣù Ààwẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó lá ìka.

"E sweet," ló wí. "But this pepper raw o. Mama go chop am so?"

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ojú ẹ̀ ò tíì là ni. Mo gbé abọ́ padà sí ilé ìdáná, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ.

Ariwo òróró ni mo gbọ́. Mo sáré jáde. Màmá tí kò tíì wọ ilé ìdáná mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, àwọn ló dúró nídìí sítóòfù, wọ́n so ìró mọ́dìí gírígírí, wọ́n ti da gbogbo sálísà mi sínú òróró gbígbóná. Lójú tiwọn, ata tí mo gbàgbé láti dín ni.

"Ìyàwó, o gé ata, o ò lọ̀ ọ́, o ò dín in, o wá wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Èso ti wá dà pọ̀ mọ́ ọn, kò ṣeé ṣà mọ́. Ṣé báyìí lo ṣe ń bọ́ ọmọ mi?"

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì ni. Tèmi ò dúró di ẹ̀míì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló di wèrè.

Nígbà tí làdánì pèrun, Màmá bu ọbẹ̀ náà sórí ìrẹsì láti fi tọ́ ọ wò. Máńgòrò ti yọ́ mọ́ ata, ó dùn, ó kan díẹ̀, ó sì ń ta. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n tún bù sí i. Ọkọ mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n kọjú sí ọmọ wọn.

"Bàbá ẹ á ṣì ní sùúrù fún mi. Ìyàwó ẹ yìí ò tíì mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè."

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún ayọ̀.

Ọ̀pọ̀ Ààwẹ̀ ti lọ. Màmá ṣì ń wọ ilé ìdáná mi láràárọ̀, wọ́n ṣì ń kùn. Mo mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè báyìí, àwọn aládùúgbò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá bi mí bóyá ata ti jinná, mo máa ń ní, "N ò mọ̀ o, mà. Ẹ bá mi wò ó."