Máṣíìnì Tí Mo Fi Orí Ara Mi Rù

Èmi ni mo ru máṣíìnì náà. Kí n ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ì bá wúlò, mi ò sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ra máṣíìnì ìránṣọ yìí ní Táíwò Road, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Ó ní kí n gbé e tẹ̀lé ọmọ òun obìnrin lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Kí a tó débẹ̀, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà lọ. Bí mo ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lé e, ó sọ fún ọmọ ẹ̀ pé, "Tìẹ ni o. Kì í ṣe tọkọ ẹ." Àwa mẹ́ta péré la wà ní yàrá. Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n mi fi kú.

Télọ̀ lọkọ. Ó gbé máṣíìnì jáde síta, ó ń fi í ránṣọ, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí máṣíìnì télọ̀. Nígbà tí wọ́n kọra wọn, bí ọdún kan lẹ́yìn tí ìjọba ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún títì, ó kó ìkòkò, ẹní àti abọ́ tánganran síta fún ọmọ wa. Máṣíìnì ńkọ́? Ó ní tòun ni. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìránṣọ nìkan lọmọ wa mọ̀ tí yóò fi bọ́ ọmọ méjì.

Ó di iwájú alùkálí, adájọ́ àwa Mùsùlùmí. Alùkálí ní ohun iṣẹ́ télọ̀ ni máṣíìnì, àfi bí obìnrin bá ní ẹlẹ́rìí. Ó kọjú sí mi.

"Bàbá, ṣé ojú yín ni wọ́n ti fún un ní máṣíìnì?"

"Ojú mi ni."

"Ẹ gbọ́wọ́ lé Àlùkùráánì, kí ẹ tún un sọ."

Bí mo bá ń ná ata lọ́jà, mo lè sọ Wàláhì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ata tó dé inú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí n tó sá kúrò nílé-kéwú, alùfáà wa sọ pé ẹni tó bá fi Tírà Àlùkùráánì búra, ì báà ṣòótọ́, ì báà purọ́, ọdún ò ní yí po kó tó kú. Gbogbo ohun yòókù tó kọ́ wa ni mo ti gbàgbé. Èyí nìkan ló dúró. Mo wo Tírà nínú aṣọ funfun, mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú," ni mo wí. "Mi ò lè búra."

"Bàbá kékeré!" Ọmọ wa ò pariwo. "Ṣé kì í ṣe orí yín ló gbé e wá ni?"

Alùkálí ní kí télọ̀ wá búra. Télọ̀ bọ́ bàtà, ó gbọ́wọ́ lé Tírà, ó búra bí ẹni mumi. Wọ́n gbé máṣíìnì fún un.

Mo ń ka oṣù dè é. Ọdún yí po, kò kú. Ó sanra. Èmi tí mo ṣọ́ ẹ̀mí mi, ibà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́dún náà.

Ọmọ wa padà sọ́dọ̀ wa, ó ń fọwọ́ rán fìlà, ọ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin. Ojú rẹ̀ tètè bàjẹ́. Bí òwú bá tán, á na abẹ́rẹ́ sí mi.

"Bàbá kékeré, ẹ bá mi ki òwú bọ̀ ọ́. Ojú tiyín ṣì ríran."

Mo máa ń kì í bọ̀ ọ́. Ọmọ wa á gbé fìlà lé orúnkún, á sì dúró dè mí.