Uṣu Tí Wọ́n Fagi Lé

Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn máàkà, inú á bí mi.

Àwọn kan wá sí gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ìkòrò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fìlà kan náà lórí gbogbo wọn. Wọ́n ní àwọn wá jà fún ẹ̀tọ́ àwa ọmọdé, kí ara wa le, kí ọpọlọ wa sì jí pépé kí a tó wọ ilé ìwé. Ìjà ńlá! Iyán ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdí abọ́.

Wọ́n fi téèpù wọn apá mi. Àǹtí kan, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò, wá gbé àwòrán iṣu kan síwájú mi.

“Kí nìyí?”

“Uṣu ni, mà.”

“Kí lo pè é?”

Mo rò pé kò gbọ́ mi ni, mo bá pariwo: “Uṣu!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi máàkà pupa fagi lé orúkọ mi. Ó ní kí màmá mi mú mi padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, pé n kò tíì lè dárúkọ nǹkan.

Màmá mi, tí erùpẹ̀ oko ṣì wà ní èékánná rẹ̀, wò ó láti òkè délẹ̀. “Iyán tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán yẹn, kí la fi gún un?”

Àǹtí náà nawọ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ẹlòmíràn ló kàn.

Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sílé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé ọmọ Odò-Ọwá nítòsí wa níbí ni àǹtí náà, àti pé uṣu ni ìyá rẹ̀ tà tó fi rán an níwèé.